RAF Kàn Wá: Èsì fún Àwọn Tó Ń Pè É Ní Ìtàn Òyìnbó



Lọ́dọọdún, tí oṣù kọkànlá bá dé, tí àwọn èèyàn bá ń fi òdòdó pupa sáyà láti rántí àwọn tó bógun lọ, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu àwa ọmọ Yorùbá ní Moss Side, ní Manchester: "Ogun òyìnbó nìyẹn. RAF ò kàn wá." Àgbà ń sọ ọ́, ọmọdé ń gbà á lẹ́nu wọn. Irọ́ ni, irọ́ ńlá sì ni, torí pé ẹni tó bá gbà á gbọ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ àwọn baba ńlá rẹ̀ kúrò nínú ìtàn. Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí ni láti já irọ́ náà ní koro.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Hugh Trenchard, ẹni tí wọ́n ń pè ní baba RAF (Royal Air Force, ẹgbẹ́ ológun ojú òfuurufú Britain). Taunton ni wọ́n bí i sí ní 1873. Léraléra ló fìdí rẹmi nínú ìdánwò kó tó wọ iṣẹ́ ológun. Ní 1900, ìbọn bà á ní ẹ̀dọ̀fóró ní Gúúsù Áfíríkà, díẹ̀ ló kù kó kú. Ibo ló ti wá dèèyàn ńlá? Nàìjíríà ni. Láti 1903 dé 1910 ló fi wà pẹ̀lú Southern Nigeria Regiment. Igbákejì ọ̀gá ló jẹ́ nígbà tó dé. Kó tó lọ, òun ni ọ̀gá pátápátá. Àwọn ọmọ Hausa àti Yorùbá ló gbé ìbọn tẹ̀ lé e. Láti ìparí 1905 wọ 1906, òun ló ṣáájú ogun tó wọ ilẹ̀ Igbo láàárín Bende àti Onitsha, lẹ́yìn tí wọ́n pa dókítà òyìnbó kan níbẹ̀. Iṣẹ́ Nàìjíríà yìí ló gba àmì ẹ̀yẹ DSO fún ní 1906. Ọdún 1912 ló tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, nígbà tó ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì. Kó tó mọ ojú ọ̀run rárá, ilẹ̀ wa ló ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀gá.

Ẹnì kan á ní, "Ilẹ̀ Igbo ló ti jà, kí ló kan Yorùbá?" Èmi náà á bi í pé: ta ló gbé ìbọn? Ní 1906, nígbà tí ìjọba pa Èkó pọ̀ mọ́ Southern Nigeria, àwọn ọmọ ogun Èkó náà bọ́ sínú ẹgbẹ́ ológun yẹn. Ọwọ́ wa wà níbẹ̀. Kò yẹ ká fi yangàn, kò sì yẹ ká fi pamọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ilẹ̀ Áfíríkà ni RAF ti gba ara rẹ̀ là. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn ọ̀gá ológun orí ilẹ̀ àti tojú omi fẹ́ tú u ká, kí wọ́n pín bàálù rẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Trenchard, tó padà di olórí RAF ní 1919, ń wá ohun tó máa fi hàn pé ó wúlò. Ní oṣù kìíní 1920, bàálù DH9 méjìlá lọ ju bọ́ǹbù sí àwọn ibùdó Mohammed Abdullah Hassan, olórí àwọn tó ń bá ìjọba òyìnbó jà ní Somaliland. Ogun tó ti ń jà fún bí ogún ọdún parí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó tí wọ́n ná sì kéré. Ìjọba London gbà pé RAF wúlò, wọ́n sì gbé ọgbọ́n kan náà lọ sí Ìráàkì. Ará Áfíríkà ni wọ́n fi dán an wò. Báwo la ṣe máa wá ní kò kàn wá?

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀. Títí di oṣù kẹwàá 1939, òfin RAF ni pé kìkì ìran òyìnbó pọ́ńbélé ló lè wọlé. Ogun ló fipá ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Peter Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí RAF fi joyè ọ̀gá, ní 1942. Bàálù já lulẹ̀, ó sì kú ní 1945. Akin Shenbanjo, tóun náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà ní squadron 76. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ "Achtung! The Black Prince" sára bàálù Halifax tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé lọ sójú ogun, kí ọ̀tá lè mọ̀ pé ọmọ ọba aláwọ̀ dúdú ń bọ̀. Ó gba àmì ẹ̀yẹ DFC. Bí 6,000 ọmọ Karíbíánì náà ló bá RAF ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Euton Christian, ọmọ Jàmáíkà, tó tún bá ọkọ̀ Empire Windrush padà wá ní 1948, tó fìdí kalẹ̀ sí Manchester, tó sì di májísíréètì.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, kòkó wa wà níbẹ̀. Láti 1936 dé 1953, Trenchard yìí kan náà ni alága ilé-iṣẹ́ United Africa Company (UAC). Ta ni kò mọ UAC nílé? Àwọn ló ń ra epo wa, ekùrọ́ wa àti kòkó wa, àwọn náà ló ń ta ọjà òyìnbó fún wa. Ní 1937, UAC àtàwọn ilé-iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ panu pọ̀ lórí bí wọ́n á ṣe máa ra kòkó. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀ jálẹ̀, wọn ò ta kòkó títí di oṣù kẹrin 1938. Nílé wa, Nigerian Youth Movement gbógun ti àdéhùn náà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní baba RAF ló wà lórí àga lọ́dún yẹn.

Àwọn kan á ní, "Bó bá jẹ́ aninilára ni, ẹ jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀." Rárá o. Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè tó bá gbàgbé, onígbèsè ló ràn lọ́wọ́. Inú Westminster Abbey ni wọ́n sin Trenchard sí ní 1956. Bí a bá dákẹ́, ìtàn tirẹ̀ ò ní parẹ́, tiwa ló máa parẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní baba RAF. Ó ní Sir David Henderson, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ológun bàálù ṣáájú òun, ló tọ́ sí. Bí òun bá lè gbà pé iṣẹ́ náà kì í ṣe tòun nìkan, kí ló dé tí àwa fi ń kó gbogbo rẹ̀ fún òyìnbó?

Nítorí náà, oṣù kọkànlá tó ń bọ̀, ẹ má jókòó sílé. Ẹ jáde, kí ẹ sì dárúkọ Peter Thomas àti Akin Shenbanjo sókè ketekete. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá, ẹ kọ́ wọn ní ìtàn yìí náà, tibi tire. Ẹ mú wọn lọ sí Ahmed Iqbal Ullah RACE Centre nínú Central Library, kí wọ́n fojú ara wọn rí i bí àwọn èèyàn ṣe ń tọ́jú ìtàn ara wọn. Ọmọ tó bá sì tún sọ pé RAF ò kàn wá, ẹ má ṣe jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í pé ta ló gbé ìbọn tẹ̀ lé Trenchard, orí ilẹ̀ ta ni bọ́ǹbù já sí ní 1920, ta ló kú sínú bàálù, kòkó ta sì ni.