Ẹ Má Fi Kóró Apricot Wo Jẹjẹrẹ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ìpara ló ti rí Prunus armeniaca lára ike rẹ̀ láìmọ̀ pé igi apricot ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè bẹ́ẹ̀. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló sọ ọ́ lórúkọ náà ní 1753, torí àwọn ará Yúróòpù gbà pé Armenia ló ti wá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ará Ṣáínà ti ń gbìn ín láti àtayébáyé. Òróró kóró rẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ìpara, ìyẹn kò la ìjà lọ. Àwọn tó ń ta ọmọ inú kóró náà ní tútù, tí wọ́n ń pè é ní fítámì B17, tí wọ́n ní ó ń wo jẹjẹrẹ, ni ká ṣọ́ra fún. Orúkọ onímọ̀ kàn ń jẹ́ ká dá igi mọ̀ ni. Kì í ṣe ẹ̀rí pé igi náà ń wòsàn.

Ara èso apricot kò léwu. Àwọn ará Malatya ní Tọ́kì ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń tà á káàkiri ayé. Inú kóró, pàápàá èyí tó korò, ni amygdalin wà. Tí eyín bá rún un, májèlé sáyánáìdì ló ń dà, èyí tí kì í jẹ́ kí ara rí afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú lò. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á dé. Bó bá pọ̀ lára, ó ń pani. Ní 2016, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù kìlọ̀ pé bí àgbàlagbà bá jẹ ju kóró kéékèèké mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, ó lè kọjá ààlà. Fún ọmọ kékeré, ẹyọ kan lè ti pọ̀ jù.

Àwọn kan á ní àwọn dókítà ló ń fi ìwòsàn pa mọ́ nítorí owó. Ṣùgbọ́n wọn ò fi pa mọ́, wọ́n dán an wò. Ní 1982, àbájáde ìwádìí tí Mayo Clinic àti àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ṣe ní Amẹ́ríkà jáde: aláìsàn 178 ló lo amygdalin, kò wo jẹjẹrẹ wọn, àmì sáyánáìdì sì hàn lára àwọn kan. Àwọn mìíràn á ní, ṣebí irú májèlé yìí wà nínú ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ? Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń bó o, tí wọ́n ń rin ín, tí wọ́n ń dì í sápò kó kan kí omi rẹ̀ sì ro, kí wọ́n tó yan gààrí. Ta ló ń jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò ní tútù, tó ń pè é ní oògùn?

Nítorí náà, ẹni tó bá rí kókó lọ́mú tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ gbà lọ, torí jẹjẹrẹ tí a tètè rí ló rọrùn tọ́jú. Ẹni tó bá ti jẹ kóró náà, tí ara rẹ̀ ò lélẹ̀, ẹ gbé e dìgbàdìgbà tọ dókítà lọ, kẹ́ ẹ sì mú ọ̀rá kóró náà dání, kó tó di pé ẹ̀pa ò bóró mọ́.