Ọyẹ́ Kò Yọ Tòkúnbọ̀ Sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí gìtá báàsì tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ń gbẹ́ sọ pé igi ilẹ̀ wa kò dára fún un: pé ọrùn rẹ̀ á wọ́ bí ọyẹ́ bá ti dé, kí oníbàárà yáa ra tòkúnbọ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Warwick ní Jámánì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, fi báàsì tó ní ọrùn igi wenge gba orúkọ káàkiri ayé. Kamẹrúùnù àti Kóńgò wà lára ibi tí igi náà ti ń wá. Ọ̀gànwó tó ń hù nínú igbó tiwa gan-an, wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe ara gìtá lókè òkun.

Kò sí igi tí ọyẹ́ kì í fà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ báàsì fi ní ọ̀pá irin nínú ọrùn. Bí ọrùn bá tẹ̀ síwájú, ẹ ó fún irin náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ó dẹ̀ ẹ́. Tòkúnbọ̀ tí ẹ jù sẹ́yìn ọkọ̀ nínú oòrùn láti Ìbàdàn dé Ìkirè náà á tẹ̀.

Igi tútù ló ń ba báàsì jẹ́, kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀wọ́, kí òǹkọ̀wé yín padà lọ bi àwọn oníṣẹ́ bóyá igi wọn gbẹ, bóyá irin wà nínú ọrùn, kó tó ba ọjà wọn jẹ́.

Atabáàsì kan,
Ìkirè.