Ẹ Má San Owó Yẹn

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ mọ owó tí mò ń sọ. Kì í ṣe owó fọ́ọ̀mù WAEC. Èyí tí wọ́n ń gbà ní kọ̀rọ̀ ni, kí alábòójútó lè kọjú síta nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ẹ má san án. Bí wọ́n bá bèèrè rẹ̀ nípàdé òbí, ẹ dìde, ẹ ní kí wọ́n kọ rìsíìtì. Ẹ ó rí bí ilé á ṣe pa lọ́lọ́.

Mo mọ̀ pé torí ọmọ yín lẹ ṣe ń wá owó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá rẹ̀ ra ìdáhùn fún ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan: kò sí ohun tówó ò lè rà. Tó bá dàgbà, tẹ́nì kan nawọ́ owó sí i níbùdó ìdìbò pé "dìbò kó o sebẹ̀", kí lẹ fẹ́ kó sọ? Àtẹni tó ra ìbò àtẹni tó tà á ni òfin ìdìbò dá lẹ́bi.

Ẹ má fi kíkọ́ ọmọ ní òtítọ́ sílẹ̀ fún tíṣà nìkan. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó palẹ̀ oúnjẹ mọ́, ẹ pe ọmọ kan, ẹ sọ ìtàn Fájuyì fún un.

Ọmọ Adó-Èkìtì ni Adékúnlé Fájuyì, sójà tó gba àmì-ẹ̀yẹ akin nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ní Kóńgò. Lọ́dún 1966, òun ni gómìnà ológun Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, Ìbàdàn ló ń gbé. Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, wá ṣe àlejò rẹ̀. Ọmọ Igbo ni, wọn ò bá ara wọn tan. Lọ́jọ́ 29 oṣù Keje, àwọn sójà dìtẹ̀, wọ́n yí ilé ká. Àlejò ni wọ́n ń wá. Ìtàn tí a gbọ́ ni pé Fájuyì kọ̀ láti yọ̀ǹda rẹ̀. Ó ní ibi tí wọ́n bá mú un lọ lòun náà ń lọ. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sí ọ̀nà Lálúpọn, wọ́n sì pa wọ́n.

Àwọn kan ń jiyàn lórí ohun tó sọ gan-an lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ìyẹn náà fún ọmọ. Ẹ má bù mọ́ ọn. A ò lè máa purọ́ ká tó kọ́ ọmọ ní òtítọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: "Bó bá ṣe ìwọ ńkọ́?" Kí ẹ sì dákẹ́. Bó bá ní òun á sá, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ó kúkú sọ òtítọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń rú àwọn ọmọ lójú, ẹ bá wọn là á. Nílé-ìwé, ẹni tó bá tú àṣírí olè ni wọ́n ń pè ní ọ̀dàlẹ̀. Rárá o! Ẹni tí wọ́n fi owó kíláàsì sí lọ́wọ́, tó wá fi ra búrẹ́dì jẹ, òun ni ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn ń gba gbogbo kíláàsì sílẹ̀ ni. Bí ọmọ yín bá ṣe irú ẹ̀ tí wọ́n sì yẹra fún un, ẹ gbè sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ kejì tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bímọ, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Onídáńfó, ẹ fún ọmọ ilé-ìwé ní ṣéńjì rẹ̀ kó tó bèèrè. Ìyá ọlọ́jà, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ ò bá tíì mọ owó kà, ẹ kà á sí i lọ́wọ́ kó pé. Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹ gbé ìwé ìṣirò owó jáde lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ jẹ́ kí ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kan kà á sókè. Bó bá rí ibi tí owó ti dín, ẹ wá a jáde kí ìpàdé tó tú.