Kì í Ṣe Uyo Ni A Ti Pàdánù

 Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, tí Nàìjíríà na Benin ní góòlù 4 sí òdo ní ìlú Uyo, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ní Tchaourou. Ní ọjà, ní ibùdókọ̀, lábẹ́ igi tí àwọn àgbà ń jókòó sí, wọ́n ní wọ́n ti tà wá. Àwọn kan ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ni kò mọṣẹ́. Àwọn mìíràn ní ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà ló wúwo. Àwa náà kò sọ pé kò dùn wá. Ó dùn wá wọ akínyẹmí ara. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Orílẹ̀-èdè 6 ló wà ní ìsọ̀rí C tí wọ́n fi wá sí, níbi tí a ti ń du àyè Ife Àgbáyé 2026. Ẹni tó bá ṣe ìkíní ni yóò lọ tààrà. Benin gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá: ó borí ní 5, ó ta ọ̀mì ní 2, wọ́n nà án ní 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́ìntì 17. Gúúsù Áfíríkà ní 18, òun ló lọ. Nàìjíríà náà ní 17 bíi tiwa, ṣùgbọ́n iye góòlù ló fi ta wá yọ, ni a bá di ẹni kẹta. Ẹ kà á dáadáa: pọ́ìntì kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti ẹni tó gba àyè Amẹ́ríkà.

Níbo wá ni pọ́ìntì yẹn wà? Ẹ má wá a sí Uyo. Ní oṣù Kọkànlá 2023, lẹ́yìn tí Gúúsù Áfíríkà ti na wá ní 2 sí 1, a pàdé Lesotho. Òdo sí òdo la ṣe. Ta ló sunkún lọ́jọ́ náà? Kò sí. Ní oṣù Kẹta 2025, àwa àti Zimbabwe ta ọ̀mì 2 sí 2. Ta ló bínú? Gbogbo wa ní kò burú, a ò ṣáà pàdánù. Bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ pé a borí nínú ọ̀kan péré nínú méjèèjì yẹn, pọ́ìntì 19 ni à bá ní, Nàìjíríà ì báà wá gbá 8 wọlé fún wa ní Uyo, àwa náà ni à bá lọ. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ohun tí a pè ní kékeré nígbà náà ló jẹ wá níyà lónìí.

Ẹ má sì gbàgbé pé FIFA bá wa ṣe é. Gúúsù Áfíríkà lo agbábọ́ọ̀lù kan, Teboho Mokoena, nígbà tí káàdì tó gbà kò jẹ́ kó yẹ kó gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n gba pọ́ìntì 3 lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ló tún ṣáájú àwa tí ọ̀nà ṣí fún. Ẹni tí kò bá kó tirẹ̀ jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò tó rọ̀ sórí oko ẹlòmíràn kò lè sọ ọ́ di olówó.

Ní ti àwọn tó ń pariwo pé wọ́n tà wá, a fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Òótọ́ ni pé Gernot Rohr, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nígbà ìdíje náà, ti kọ́ ikọ̀ Nàìjíríà láti 2016 sí 2021. Ṣùgbọ́n Rohr yìí kan náà ló wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí a na Nàìjíríà ní 2 sí 1. Ṣé ọjọ́ yẹn náà ló tà wá? Àwọn kan tún ń wo orúkọ àwọn ọmọ, wọ́n ń wí pé ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá kò lè fi gbogbo ọkàn gbá bọ́ọ̀lù lu Nàìjíríà. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra fún irú ọ̀rọ̀ yẹn. Tosin Aiyegun, Èkó ni wọ́n bí i sí. Òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Rwanda ní Kigali ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin péré ṣáájú Uyo. Góòlù yẹn ló fi wá ṣíwájú gbogbo ìsọ̀rí. Àwa tí a ní ẹbí ní Ṣakí àti Kíṣí, tí ààlà kan ṣoṣo là wá láàárín, a mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń já sí. Bó bá dùn, ọmọ Benin ni wá. Bó bá korò, wọn á ní ká máa lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa. Ẹ má jẹ́ kó ti ẹnu wa jáde. Àwọn tó nà wá gan-an, kí ni wọ́n rí jẹ níbẹ̀? Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá, Congo Kinshasa fi pẹ̀nátì lé Nàìjíríà padà sílé.

Àárín-méjì yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú 2025, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Benin ti lọ sí CAN: 2004, 2008, 2010 àti 2019. Bọ́ọ̀lù 14 ni a gbá nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a kò borí nínú ọ̀kan láàárín àkókò tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní 2019 tí gbogbo wa jó, ọ̀mì ni a ta pẹ̀lú Gánà, ọ̀mì pẹ̀lú Guinea-Bissau, ọ̀mì pẹ̀lú Cameroun, ọ̀mì pẹ̀lú Mòrókò kí pẹ̀nátì tó gbà wá là. Sẹ̀nẹ̀gà ló wá fi góòlù kan dá wa dúró. Inú wa dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ̀mì di oúnjẹ. Ní 2022 wọ́n yí orúkọ ikọ̀ náà padà. Tẹ́lẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n; wọ́n di Guépards, ẹranko tí eré rẹ̀ ju ti gbogbo ẹranko ilẹ̀ lọ. Orúkọ ń roni, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í gbá bọ́ọ̀lù.

Èwo ló wá ṣe wá? Ẹ gbọ́ èyí. Nínú bọ́ọ̀lù 10 yẹn, 5 ló yẹ ká gbá nílé. Abidjan ni a ti gbá gbogbo rẹ̀. Pápá ìṣeré Kouhounou tó wà ní Cotonou kò ṣeé lò nígbà náà, torí náà ilé onílé la ti gbàlejò. Nàìjíríà tí a nà, Abidjan ni. Gúúsù Áfíríkà tó nà wá ní 2 sí 0, Abidjan ni. Ta ló máa ti Tchaourou kọjá Togo, kó kọjá Gánà, kó tó lọ ké fún àwọn ọmọ wọ̀nyí? Nígbà tí wọ́n dé Uyo, ilé kún fún ariwo àwọn onílé. Àwa ò ní ilé tí ariwo tiwa lè kún. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò bá ní àgbàlá, àgbàlá ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti máa ń ṣeré, wọn kì í sì í ṣeré tẹ́ wọn lọ́rùn níbẹ̀.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ wa ti kan ẹ̀yin baba wa. Àìsàn tó wà ní Cotonou yẹn wà lọ́dọ̀ tiwa náà. Àwa tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba, a mọ bó ṣe máa ń lọ. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe lotissement, wọn á ya pápá bọ́ọ̀lù sórí ìwé, wọn á pè é ní réserve administrative, gbogbo ìlú á pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹnì kan á ní ilẹ̀ yẹn ti tóbi jù, ẹ jẹ́ ká gé parcelle méjì níbẹ̀. Wọ́n á gé e. Wọ́n á tún gé méjì. Àwọn ọmọ á sún igi góòlù wọn síwájú, wọ́n á tún sún un, títí igi góòlù á fi kan ògiri ẹni tó ra ilẹ̀. Ọjọ́ tó bá ṣe, wọ́n á bọ́ sí etí títì, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré lọ sí Parakou. Kò sí ẹni tó máa bínú, torí pé díẹ̀ díẹ̀ ló ṣe lọ. Bíi pọ́ìntì Lesotho ni.

Ẹnì kan á ní ilẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni, commune wa ju 7,000 kìlómítà oníhà mẹ́rin lọ, kò sí èyí tó tóbi tó o ní gbogbo Benin. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dé láti iléèwé ní ìrọ̀lẹ́ kò ní rin ìrìn wákàtí kan wọ inú igbó lọ gbá bọ́ọ̀lù, pàápàá ọmọbìnrin. Ẹlòmíràn á ní omi ló yẹ ká kọ́kọ́ wá, ọ̀nà ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe. A gbà. Ṣùgbọ́n omi àti ọ̀nà ń ná owó. Pápá tó ti wà nílẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àfi ká má tà á. Ọjọ́ tí a bá tà á tán, owó tí a máa fi ra òmíràn, ọmọ wa kò ní rí i san.

Torí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́, kí olórí abúlé kọ̀ọ̀kan pe àwọn àgbà àti àwọn ọ̀dọ́ jọ, kí wọ́n fẹsẹ̀ wọn pápá abúlé wọn, kí wọ́n gbin igi sí ààlà rẹ̀ yíká. Igi ṣòro fà tu ju òkúta lọ. Èkejì, kí wọ́n gbé e lọ síwájú SVGF, tó ń bójú tó ilẹ̀ ní abúlé, kí wọ́n sì mú un dé mairie, kó di kíkọ sílẹ̀, kí ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ ọba, lọ́wọ́ olórí abúlé àti lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀rí ẹnu dára, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí a máa kú, ìwé a máa dúró.

Ẹ̀kẹta ló kan ìgbà ìbò. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 2026, a dìbò fún àwọn aṣòfin àti àwọn ìgbìmọ̀ commune. Bí ìbò mìíràn bá dé, àwọn olùdíje á wá, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kí wọ́n wà. Wọ́n á gbé màyó wá, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù wá, àwọn ọmọ á sáré tẹ̀lé ọkọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ ká gbà á, ká dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí baba kan dìde, kó bi wọ́n níwájú gbogbo ìlú pé: níbo ni kí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù yìí? Ṣé ẹ máa fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò ní gé pápá wa? Ẹni tó bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ ká ránti rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀, ẹ jẹ́ ká ránti òun náà.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 2025, CAN bẹ̀rẹ̀ ní Mòrókò. Sẹ̀nẹ̀gà, Congo Kinshasa àti Botswana ló wà pẹ̀lú wa. A ké fún àwọn ọmọ wa, a sì gbàdúrà kí wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ó kéré tán, kí ìtìjú ọdún mọ́kànlélógún náà lè kúrò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n borí, bí wọn kò borí, ọmọ tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún Benin ní ọdún mẹ́wàá sí i wà ní abúlé wa báyìí, kò tíì wọ bàtà. Ẹ má jẹ́ kó délé lọ́la, kó bá ògiri lórí pápá rẹ̀.