Akọ̀wé Ẹnu Ọ̀nà Dókítà: Iṣẹ́ Èdè ni Iṣẹ́ Rẹ̀

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìwòsàn kan ní Yopougon, kì í ṣe dókítà ni yóò kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì àkọ́kọ́ ni. Òun ni yóò béèrè orúkọ, tí yóò ṣí fáìlì, tí yóò gba owó, tí yóò dáhùn tẹlifóònù, tí yóò sì sọ ọjọ́ tí aláìsàn yóò padà wá. Òun náà ni yóò kọ́kọ́ mọ ẹni tó lè dúró àti ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gba ìdúró. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ ka gbogbo èyí sí iṣẹ́ ìwé lásán. Mo takò wọ́n. Iṣẹ́ èdè ni, ẹni tí kò bá sì gbà bẹ́ẹ̀ ń fi ìlera ọmọ ènìyàn wewu.

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn ará Yopougon lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Èdè Faransé nìkan ni òfin ilẹ̀ Côte d'Ivoire, títí kan ti 2016, fi ṣe èdè ìjọba. Ṣùgbọ́n Júlà, Baoulé, Bété àti Attié wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ní Siporex àti Wassakara. Yorùbá náà, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, kò gbẹ́yìn. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Akọ̀wé tó mọ àkọtọ́ Faransé nìkan yóò kọ Ṣadé ní Chadé. Ẹlòmíràn yóò wo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, yóò sì kọ Sade. Ẹnìkan ṣoṣo ti di fáìlì méjì nìyẹn. Oògùn tí ara Chadé kọ̀, ẹni tó ṣí fáìlì Sade kò ní í rí i. Láti ìpàdé tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ṣe alága rẹ̀ ní Èkó ní 1875 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí àkọtọ́ Yorùbá. Níbi tábìlì yìí, iyàn náà kì í ṣe ti ìwé mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Lẹ́yìn orúkọ, àìsàn ló kàn. Ẹni tó ní "inú mi bàjẹ́" kò sọ pé ikùn ń yọ òun lẹ́nu. Ẹni tó ní "àyà mi ń já" lè máa sọ ti ẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ pé bí ọkàn ṣe ń lù ú ló fẹ́ ṣàlàyé. Ògbufọ̀ tó bá tú wọn ní ẹyọ-ẹyọ yóò rán aláìsàn sí ibi tí kò yẹ.

Àwọn kan yóò ní ọmọ aláìsàn lè ṣe ògbufọ̀. Ìyá wo ni yóò sọ ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ láti ẹnu ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá? Yóò pa á mọ́ra, àìsàn yóò sì máa gbilẹ̀. Àwọn mìíràn ní èdè tó lé ní ọgọ́ta ti pọ̀ jù fún ilé ìwòsàn kan. Ta ló ní kí akọ̀wé kan gbọ́ ọgọ́ta? Kí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan mọ èdè tó ń wọlé tọ̀ ọ́, kí ó sì gba ẹni tó gbọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn síṣẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà ń ṣe é lójoojúmọ́ láìgba ìwé ẹ̀rí.

Òfin 2014 dá ètò ìbánigbófò ìlera fún gbogbo ènìyàn sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CMU. Ìtọ́jú lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ètò náà ń san ìdá 70 nínú 100 owó ìtọ́jú tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, aláìsàn a sì san 30. Akọ̀wé yìí ló ń ṣàlàyé ìṣirò náà. Bí kò bá yé aláìsàn, olè ni yóò rò pé wọ́n ń ja òun, yóò sì padà sílé.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àánú aláṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, àṣẹ Ààrẹ Clinton ti 2000 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó ìjọba ran àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lọ́wọ́. Ààrẹ Trump fagi lé e ní 2025. Inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí èdè wà: kí ìbéèrè "èdè wo lẹ ń sọ?" wà lórí fáìlì, kí orúkọ bá ti káàdì mu, kí bí onítọ̀hún ṣe ń pè é sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí èdè tí akọ̀wé gbọ́ hàn nínú owó oṣù rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, a ti ní ọ̀rọ̀ fún àrànmọ́ àti ìpàjẹ. Ìwé pélébé kan tí akọ̀wé lè fi béèrè ibi tó ń dun aláìsàn kò ṣòroó kọ ju ìyẹn lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́.