Saddle-bow Kì í Ṣe Ọrun

Àwọn kan gbà pé bí a bá ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan dípò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan, aáyan ògbufọ̀ ti parí. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, saddle-bow, tó láti fi hàn bẹ́ẹ̀.

Nínú ìtàn àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí Walter Scott kọ sínú Ivanhoe ní 1819, ibẹ̀ ni jagunjagun máa ń fi àáké ogun rẹ̀ kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé saddle ni gàárì, pé bow sì ni ọrun, yóò kọ “ọrun gàárì” láìṣiyèméjì. Ẹni tí ó bá ka ìtumọ̀ náà yóò sì máa wá ọfà kiri. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà kò bá tún fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ, ọrun lè di ọrùn, ó sì lè di ọ̀run. Ẹṣin tí ń gbé jagunjagun lọ sí ojú ogun yóò wá gbé e dé ọ̀run kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ni saddle-bow gan-an? Igi ni egungun gàárì àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Igi méjì tí ó tẹ̀ bí òṣùmàrè, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn, ni a máa ń fi pákó so pọ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ìwúwo ẹni tí ó gùn ún má baà tẹ egungun ẹ̀yìn ẹṣin. Igi títẹ̀ wọ̀nyí, pàápàá ti iwájú, ni saddle-bow. Gàárì ogun a máa ga níwájú àti lẹ́yìn, kí ọ̀kọ̀ ọ̀tá má baà tètè bi ẹlẹ́ṣin ṣubú. Lónìí, pommel ni wọ́n ń pe ti iwájú, wọ́n sì ń pe ti ẹ̀yìn ní cantle.

Ẹni tí ń gbèjà “ọrun gàárì” lè wí pé gbòǹgbò kan náà ni bow méjèèjì ti hù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó jẹ mọ́ ohun títẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀. Èso ápù kékeré ni ìtumọ̀ pommel láti inú èdè Faransé àtijọ́. Ta ni yóò wá pe iwájú gàárì ní ápù?

Aṣìṣe kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun ni ti ẹni tí ó ní òṣì èdè ni kò jẹ́ kí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan fún saddle-bow. Èdè tí ó ní gàárì, ìjánu àti kẹ́sẹ́, tí àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ń sọ ọ́ fi ẹṣin jagun tí wọ́n sì fi ènìyàn jẹ oyè Olókùn-Ẹṣin, kì í ṣe àlejò nídìí ẹṣin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa saddle-bow tì, kò sì sí ẹni tí ó pe èdè wọn ní tòṣì.

Nínú ìdánwò, “iwájú gàárì tí ó yọ sókè” gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Kò lọ́ra, kò sì purọ́. Bí ó bá sì di ọ̀ràn èdè-ìperí, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí yàrá ìkàwé dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Àwọn tí ń di ẹṣin ní gàárì ṣì wà ní Ìlọrin àti ní Ọ̀yọ́; wọ́n wà ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà Ojúde Ọba. Ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ béèrè.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Olùkọ́ tí ó bá fún “ọrun gàárì” ní máàkì ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti máa túmọ̀ ohun tí kò yé e. Kí ó kọ́kọ́ bi í pé, “Kí ni nǹkan náà?” kí ó tó bi í pé, “Kí ni Yorùbá ń pè é?”