Ìwé Wo Ló Kàn Wá Lórí Oúnjẹ Tí À Ń Tà?

Ẹ̀yin ìyá wa nínú ọjà Ilé-Ogbó,

Àwọn kan ń wọ ọjà kiri, wọ́n láwọn á bá wa gba ìwé ISO. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó.

Ẹni tó ń wọn gàrí tàbí èlùbọ́ ní kóńgò lórí àtẹ, ISO kọ́ ló kàn án. Ẹni tó bá dì í sínú ọ̀rá, tó kọ orúkọ sí i lára, nọ́ńbà NAFDAC ni kó kọ́kọ́ wá. Òfin ni. Wọn á wo ibi tó ti ń ṣe é, wọn á yẹ ọjà náà wò. Ọ́fíìsì wọn wà ní Òṣogbo.

Ẹni tó fẹ́ kẹ́rù lọ sókè òkun ni oníbàárà lè bi ní HACCP, tàbí ISO 22000 tó jáde ní 2005. HACCP yìí, oúnjẹ àwọn tó ń lọ sójú sánmà ni wọ́n torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà! Àmọ́ ìbéèrè ẹ̀ ò le: ibo ni ìdọ̀tí ti lè wọnú oúnjẹ yìí, kí lẹ sì ṣe síbẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń rajà yín, èwo ló máa gbà?

Ìwé kankan ò sì lè bo ọ̀tapiapia mọ́lẹ̀ o. Ní 2015, Yúróòpù ò gba ẹ̀wà Nàìjíríà wọlé mọ́ torí dichlorvos, oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú ẹ̀. Ẹni tó ṣì ń fọ́n ọn sẹ́wà láàárín wa mọra ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá fún ní fọ́ọ̀mù, kó mú un wá sípàdé kó tó sanwó, ká jọ kà á.